Abèèrè Kì í Ṣìnà: Lórí Ọ̀nà tí Ìsọfúnni ń Gbà láti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì



Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Síbẹ̀, abèèrè lè ṣìnà bí ẹni tí ó bi bá fi ọ̀nà tí kò yẹ hàn án. Orí irú ìbéèrè àti ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé.

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó para pọ̀ dì í, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ti Google ni 15169. Ti MainOne, ilé-iṣẹ́ tí ó na wáyà abẹ́ òkun láti Pọ́túgà dé Èkó ní 2010, ni 37282. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí Google fi ń ṣiṣẹ́ fún aráyé, tí a ń pè ní àwọsánmà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí àwọn yòókù ni. Kí ìwé tí a kọ ní Ìbàdàn tó dé ibẹ̀, ẹ̀rọ tí a ń pè ní rútà gbọ́dọ̀ mọ aládùúgbò tí yóò gbé e fún. Aládùúgbò náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kéde pé, "Ọ̀nà Google gba ọ̀dọ̀ mi." Ìlànà ìkéde yìí, Border Gateway Protocol, ni Kirk Lougheed àti Yakov Rekhter gbé kalẹ̀ ní 1989, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì pọ̀. Wọn kò fi ohunkóhun sínú rẹ̀ tí yóò máa wádìí ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Àṣà kan wà ṣá. Ọ̀nà tí oníbàárà mi fi hàn mí, mo lè kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí pé ó ń sanwó fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹlẹgbẹ́ mi ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, èmi àti àwọn oníbàárà mi nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí a fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé hàn kì í lọ polongo rẹ̀ lọ́jà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2018, a polongo rẹ̀ lọ́jà. MainOne ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà; asẹ́ tí ó yẹ kí ó dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dúró kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ọ̀nà Google tí ó lé ní 200 sì bọ́ sọ́wọ́ China Telecom. China Telecom gbà á láìwádìí, ó sì kéde rẹ̀ fún àwọn mìíràn, títí kan TransTelecom ní Rọ́ṣíà. Lójijì, ìsọfúnni tí ń lọ sọ́dọ̀ Google bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ṣáínà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣègbé síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 74 kọjá kí MainOne tó tún un ṣe. Ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe òun ni.

Àwọn kan pariwo olè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Google pàápàá sọ pé òun kò rí ìdí láti gbà pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lójú tèmi, ẹ̀bi ẹni tí ó gbọ́ tí kò wádìí kò kéré sí ti ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Asẹ́ kan já l'Ékòó. Kò yẹ kí ìyẹn nìkan tó láti da ọ̀nà rú fún àwọn tí kò mọ ibi tí Èkó wà.

Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ìwé-ẹ̀rí tí a ń pè ní RPKI ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ni àdírẹ́sì. Kò lè gbà wá lọ́jọ́ náà, nítorí pé Google ni onílé lóòótọ́ nínú gbogbo ìkéde wọ̀nyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò yẹ. Ní 2022 ni ìlànà RFC 9234 jáde, tí ń fi àmì sára ọ̀nà tí a gbà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́, kí ẹni tí ó bá rí i níbi tí kò yẹ lè kọ̀ ọ́. Àmì náà kò wúlò lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wò ó.

Èsì ìdánwò àti owó oṣù wa ti ń gba ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Nígbà tí a bá ń bá olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn, iye owó àti ìyára ni a sábà ń bèèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: irú asẹ́ wo ni ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà yín, ta ni ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe?