Ohun Tí Ìwé Ìyọwó Wa Ń Sọ

  Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn la fẹ́ sọ. Ẹ má bínú tí kò bá dùn létí lọ́jọ́ ijó.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á máa fún un lówó díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìjọba ibẹ̀ ń kéde iye ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ orúkọ. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń mọ̀ pé ọjà fẹ́ dá. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, iye tó máa ń jẹ́ nǹkan bí 200,000 lọ́sẹ̀ kan fò kọjá mílíọ̀nù 5 kí oṣù kẹrin tó délẹ̀ dáadáa.

Kò sí irú owó yẹn nílé wa. Àjọ NBS ní 33.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́ níparí 2020. Ní 2023 wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà: ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀, oníṣẹ́ ni. Iye náà bá já sí 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Bí wọ́n ṣe ń kà á káàkiri ayé nìyẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó fi wákàtí kan ta tòmátì ní Mile 12 bóyá ó jẹun ọ̀sẹ̀ náà.

Èyí tó jọ ti Amẹ́ríkà díẹ̀ ni pẹ́ńṣàn. Òfin ọdún 2014 ní ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gbà tó 25 nínú 100 owó rẹ̀. PenCom sì máa ń kéde iye ẹni tó gbà á. Oṣù mẹ́rin kẹ̀! Ilé ti fẹ́ tú kó tó pé. Dírẹ́bà àti bíríkìlà tí kò ní pẹ́ńṣàn ńkọ́?

Ìwé ìyọwó wa ló ń tètè sọ ọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ní Magodo níbí, ìyàwó lẹ máa rí lọ́dọ̀ akápò. Á ní òun fẹ́ fi kún ọjà. Lẹ́yìn náà á yáwó, kò ní rí i san, àwọn onídùúró á dojú kọ ọ́. Arábìnrin wa kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wọ táì jáde láràárọ̀, kò sì níbi tó ń lọ. A ti pe orúkọ obìnrin náà mọ́ àwọn ajẹgbèsè nínú ìpàdé kí a tó gbọ́. Ó ṣì ń dùn wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nítòsí ìsọ̀ rẹ̀ ti rí i pé ó ti ń ra ọjà àwìn.

Nítorí náà, akọ̀wé fẹ́ fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù ìyọwó: ṣé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nílé? Akápò nìkan ni yóò mọ orúkọ, iye la máa kà fún ìpàdé. Tí iye bá ń ga, a ó rọra fi owó yáni. Ẹni tọ́rọ̀ kàn yóò ní oṣù mẹ́ta kó tó máa san gbèsè. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù, owó ẹgbẹ́ á há. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.