Bí Àìsàn Bá Ká Tọkọtaya Mọ́ Ìdálẹ̀: Ọ̀rọ̀ tí A Bá Àwọn Ìjòyè Wa Sọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú ni. Àwọn ọmọ wa wà ní Faransé. Tọkọtaya á jọ wà nínú yàrá kan, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru. Lọ́jọ́ kan, ẹnu ọkọ á ṣàdédé wọ́, apá kan á kú, ọ̀rọ̀ ò ní jáde mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ta ni ìyàwó á kọ́kọ́ pè? Ilé ni, kí wọ́n lè sọ ohun tí yóò ṣe fún un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn: nọ́ńbà 15 ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, tàbí 112. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ, oògùn tó ń tú u, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn. Ilé lè dúró díẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú náà, kó má sá: ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lé ẹni tí àìsàn pàjáwìrì kọlù.

A mọ arábìnrin wa kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní kó gbé e wálé kíákíá. Àbúrò ní ayé ló ń ṣe é. Ìyá ọkọ ń béèrè ohun tó fún ọmọ òun jẹ. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń mú ọmọ ní ilé ìwé, ó tún ń dá gbogbo wọn lóhùn. Nígbà tó yá, ó pa fóònù. Wọ́n ní ó ti di òyìnbó. Àwa ò dá a lẹ́bi o.

Ẹ gbọ́ ti gbígbé wálé yìí. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ bí yóò ṣe tún gbéra, tí wọ́n ń kọ́ ẹnu bí yóò ṣe tún sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá já a kúrò láàárín, ó lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ọkọ̀ òfuurufú pàápàá lè béèrè ìwé dókítà kí wọ́n tó gbé e. A ò sọ pé àgbo ilé kò dára, àmọ́ kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àgbo mìíràn máa ń bá oògùn ẹ̀jẹ̀ jà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí irú ìròyìn yìí bá dé, kí ẹ pe ìdílé méjèèjì jókòó, kí wọ́n yan ẹnu kan ṣoṣo tí yóò máa bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Kí àwọn ará wa tó wà nítòsí rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n se oúnjẹ. Kí àgbà tó gbọ́ Faransé bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ni ọmọ ọdún 10 fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Bí aláìsàn bá jẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi ìwé àìsàn ránṣẹ́ sí Sécurité sociale àti sí ọ̀gá rẹ̀ láàárín wákàtí 48, kí owó má baà dúró. Láti ọdún 2002, òfin Faransé gba olúkúlùkù láàyè láti kọ orúkọ ẹni tó fọkàn tán sílẹ̀, “personne de confiance” ni wọ́n ń pè é. Ẹni náà á buwọ́ lù ú. Bí ẹnu aláìsàn bá kú, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ló borí ti mọ̀lẹ́bí yòókù. Kí tọkọtaya kọ ọ́ nígbà tí ara ṣì le.

Nílé níbí, ìgbéyàwó tí a ṣe ní méérì nìkan ni òfin ìdílé Benin kà sí. Ìdáná ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fúnni ní ìwé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń múra ìrìn àjò, kí ó mú tọkọtaya náà wá bá akọ̀wé wa kí wọ́n tó lọ. A ó bá wọn dé méérì.