Kí Orúkọ Oníṣẹ́ Ọnà Má Baà Parun
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò jẹ mọ́ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ ìjà tàbí ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà ni, àwọn tí iṣẹ́ wọn ń dán lójú gbogbo ènìyàn ṣùgbọ́n tí orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. A fẹ́ kí ẹ̀ka wa dáwọ́ jọ láti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí a sì gbé e sí ibi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a gbé bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó fi ṣe ilé, níbi tí ó ti ń gbẹ́ igi fún Arínjalẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn sì ń ránṣẹ́ pè é. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sí i lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí àwọn ènìyàn rù wá sí ààfin. Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wu àwọn ará British Museum, wọ́n gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Ọba rí ìtẹ́ gbà, àwọn òyìnbó rí ilẹ̀kùn gbà. Kí ni ẹni tí ó gbẹ́ ẹ rí gbà? Iṣẹ́ rẹ̀ sọdá òkun, orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ohun tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parun ni pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò gbàgbé, àwọn mìíràn sì wá bi wọ́n, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tí ó ti tó àádọ́ta ọdún tí ó ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton. Ní ọdún 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ìpàtẹ náà. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó rántí wà, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ náà wà. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kù, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ilé nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó ogún náírà lọ́wọ́, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tí ẹ ó rí níbẹ̀ tí ń mọ ìkòkò ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, tí a bí ní abúlé Kwali ní nǹkan bí ọdún 1925. Ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí, tí ó ń jẹ́ Abuja nígbà náà, ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sí. Ladi Kwali wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní ọdún 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1977. Ó kú ní ọdún 1984. Ó yẹ kí a yin àwọn tí ó bu ọlá fún un.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni obìnrin tí ó mọ ìkòkò níbẹ̀. Halima Audu wà níbẹ̀, Asibi Ido wà níbẹ̀, Kande Ushafa náà wà níbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ wọn rí? Amọ̀ kan náà ni wọ́n pò, iná kan náà ni wọ́n fi sun ún. Ọ̀kan di ẹni orí owó, àwọn yòókù di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ nìkan mọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àárín ara wa. Ta ni ó hun aṣọ-òkè tí a wọ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́? Ta ni ó gbẹ́ ìlù tí a fi jó? Ta ni ó ya àwòrán sí ara ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi ń kó ọjà láti Ìbàdàn wá sí Kánò? Ta ni ó fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá Alága? Bákan náà ni ti àwọn onílé tí ó gbà wá lálejò. Gbogbo ayé mọ kòtò aró Kofar Mata ní Kánò. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn aláró tí ọwọ́ wọn ń dúdú níbẹ̀ lójoojúmọ́?

Bí oníṣẹ́ ọnà kan bá kú láàárín wa, a ó dá owó, a ó gba ọkọ̀, a ó gbé e dé ilé bàbá rẹ̀. A ṣeun, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá lọ tán, kí ni ó kù níhìn-ín tí yóò sọ pé ó gbé ogójì ọdún lẹ́nu òfì ní ìlú yìí? Ará ilé kò mọ iṣẹ́ tí ó ṣe lájò, àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Báyìí ni ẹni tí ó wà láàárín ìlú méjì ṣe ń pàdánù nínú méjèèjì.

Àtúnṣe wà, kò sì kọjá agbára wa. Láti ọdún 2001 ni ìwé ìmọ̀ ńlá kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní Wikipedia. Kò sí ẹni tí ń san owó kí ó tó kà á. Àwọn ènìyàn bí èmi àti ìwọ ni ó ń kọ ọ́ láìgba owó. Ó wà ní èdè Yorùbá, ó wà ní èdè Hausa. Nígbà tí a ṣe ìwádìí ní ọdún 2011, a rí i pé àwọn obìnrin tí ń kọ ọ́ kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ní ọdún 2014, àwọn kan ní ìlú New York dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Art+Feminism. Wọ́n kó ara wọn jọ láti kọ ìtàn àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà tí a ti gbójú fò. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó jókòó ṣe é, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ibi. Ohun tí wọ́n ṣe, àwa náà lè ṣe é fún àwọn tiwa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà wa ni ó mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, àwọn ọmọ wa ni ó mọ bí a ṣe ń lo fóònù. Àbá wa ni kí a pín ara wa ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹnì kan yóò mú wa dé ilé oníṣẹ́ ọnà. Ẹnì kan yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan yóò ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹrin yóò wádìí bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ. Àwọn ọmọ tí ó gbọ́ Hausa yóò kọ ọ́ ní Hausa pẹ̀lú. Àwa tí a gbọ́ èdè méjì ni iṣẹ́ yìí yẹ jù.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Èkíní, Wikipedia kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ń béèrè ẹ̀rí tí a ti tẹ̀ jáde nínú ìwé tàbí ìwé ìròyìn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ní ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú àpótí má ṣe fi í di ẹ̀kọ mọ́. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá sí, kí a kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìkàwé, kí olùwádìí lè bá a níbẹ̀ lọ́la. Èkejì, kò dára kí ènìyàn kọ nípa ara rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀. Kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, àwòrán tí a bá gbé síbẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lò, àní fún òwò. Kí a ṣàlàyé èyí yékéyéké fún oníṣẹ́ ọnà, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, kí a fi í sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé orúkọ ni a ó jẹ?” Òótọ́ ni, Wikipedia kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ̀, a kì í wá a. Oníbàárà tí ń wá ahunṣọ, olùkọ́ tí ń wá ẹni tí yóò fi iṣẹ́ han àwọn ọmọ, orúkọ ni wọn yóò kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí ènìyàn. Bí owó kò bá tilẹ̀ wá, ọmọ rẹ̀ yóò lè nàka sí i pé, “Iṣẹ́ bàbá mi nìyí.”

Ohun tí a ń bẹ̀ yín nìyí: kí olúkúlùkù mú orúkọ oníṣẹ́ ọnà kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìbáà jẹ́ onílé wa. Kí ẹ mú orúkọ, ìlú tí ó ti wá, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dàgbà jù, nítorí ọjọ́ ń lọ. Akọ̀wé yóò ṣí ìwé kan sílẹ̀ fún un.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.