Kí Ló Sọ Oníjàkadì Di Ẹni Iyebíye fún Ọ̀gá Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìjàkadì orí tẹlifíṣàn ni a gbé wá sí ìpàdé òṣìṣẹ́ lónìí. Nígbà tí Hulk Hogan ará Amẹ́ríkà kú ní oṣù Keje ọdún 2025, àríyànjiyàn gba kántíìnì wa kan. Àwọn kan ní agbára rẹ̀ ló sọ ọ́ di olówó. Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kan àwa òṣìṣẹ́ kò sí nínú méjèèjì. Òun ni pé: kí ni ọ̀gá ń rà lọ́wọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àwọn wo ni wọ́n sì jọ ṣe ọjà náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ agbára kúrò nílẹ̀. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní WWF nígbà náà, tí ó di WWE lónìí, sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìnàjú ni iṣẹ́ àwọn, kì í ṣe ìdíje. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba yọ ọwọ́ àbójútó rẹ̀ kúrò ni. Nínú ìjàkadì tiwa, bí irú ti àwọn ará Ọ̀fà, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti pàdánù, ọ̀rọ̀ parí. Nínú tiwọn, ẹni tí ó ṣubú lè mú owó wọlé ju ẹni tí ó dúró lọ.

Èrò ni ọ̀gá ń rà. Èkíní, orúkọ tí yóò mú kí ènìyàn kúrò nílé lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì, ẹnu. Ẹni tí ó lè mú kí èrò fẹ́ràn rẹ̀ níye lórí. Ẹni tí ó lè mú kí wọ́n kórìíra rẹ̀ náà níye lórí. Roddy Piper fi ẹnu rẹ̀ bí èrò nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sanwó nítorí kí wọ́n lè rí i kí a lù ú. Ẹ̀kẹta, ọjà: ẹ̀wù, ọmọlangidi, kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Bí oníjàkadì bá sùn, àwòrán rẹ̀ kò sùn, ó ń tajà lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó máa wá síbi iṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, kí ó má sì ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré léṣe.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dá orúkọ náà ṣe? Ní March 29, 1987, ní pápá ìṣeré Pontiac Silverdome, Hogan gbé André the Giant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ó sì là á mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé 93,173 ènìyàn ló wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní iye wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé rántí ẹni tí ó gbé òmìrán sókè. Díẹ̀ ló rántí pé ẹ̀yìn ń dun òmìrán náà, pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lẹ́yìn, àti pé bí kò bá gbà láti ṣubú, kò sí ẹni tí ó lè gbé e. Ẹ̀yìn André wà nínú òkìkí Hogan.

Orúkọ náà gan-an ńkọ́? “Hulk” ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìwé àwòrán Marvel tẹ́lẹ̀, ó sì ní ìpín tí Marvel ń gbà lórí rẹ̀ nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ní 1986, nígbà tí ìjà ńlá WrestleMania kejì kù díẹ̀, Jesse Ventura, oníjàkadì tí ó ti di ẹni tí ń ròyìn ìjà lórí tẹlifíṣàn, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ní àkókò tó láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, nítorí a ti polongo ìjà náà káàkiri. Ọ̀rọ̀ dé etí Vince McMahon tí ó ni ilé-iṣẹ́, ó sì halẹ̀ mọ́ Ventura. Ẹgbẹ́ náà kò dìde. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Ventura pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ nítorí owó kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Nínú ẹjọ́ yẹn ni a ti bi McMahon lábẹ́ ìbúra pé ta ló sọ fún un. Ó ní Hogan ni. Ventura jàre ní 1994, owó rẹ̀ sì lé ní 800,000 dọ́là.

A kò wá bú òkú. Ẹ̀kọ́ ni a ń wá. Ẹni tí ó wà lókè lè rò pé ẹgbẹ́ kò kan òun. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Ní May 23, 1999, ní ìlú Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè gbọ̀ngàn, kí eré lè dùn. Ìkọ́ tú, ó já bọ́, ó sì kú ní ẹni ọdún 34. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì ń bá eré lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní 2000 ilé-iṣẹ́ san mílíọ̀nù dọ́là 18 fún ẹbí rẹ̀ láti parí ẹjọ́. Ẹ bá wa bi ara yín: ní alẹ́ yẹn, ta ni ó ní ẹnu láti sọ pé kí iṣẹ́ dúró?

Ní January 2024, a kéde àdéhùn ọdún mẹ́wàá láàrin ilé-iṣẹ́ náà àti Netflix, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù dọ́là 5. Síbẹ̀ títí di òní, agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń ka àwọn oníjàkadì sí, kì í ṣe òṣìṣẹ́, wọn kò sì ní ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. A gbọ́ pé a ti ń pe àwọn awakọ̀ wa tí ó mọṣẹ́ jù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí ń darí ẹ̀rọ tuntun, pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe, kí owó wọn lè lé díẹ̀. A kò bínú sí yín. Òótọ́ ni pé ẹ níye lórí. Awakọ̀ wà láàrin wa tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ méjì kọjá nítorí kí wọ́n lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà lóru àná, òun ni André rẹ. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ó mọ orúkọ àwọn oníbàárà, òun ni ẹnu rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, ìwé tí o dá fọwọ́ sí kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí aṣojú ẹgbẹ́ tó kà á fún yín. Ẹni tí a bá pè, kí ó wá sọ fún wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa tí a kò pè, kí a má ṣe ìlara ẹni tí a pè. Kí a jọ béèrè owó náà fún gbogbo ènìyàn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.