Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Fíìmù Willow àti Àtúnsọ Rẹ̀ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

1. Ìfáárà

 

Nígbà tí Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn kan rò pé ẹsẹ Ifá tàbí ìjálá ni n óò mú bọnu. Ẹ má ṣe bínú bí mo bá gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn òyìnbó kan ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ìtàn àròsọ tí ó kún fún oṣó, iwin àti ẹranko abàmì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe sinimá ní ọdún 1988, wọ́n sì tún gbé e jáde bí eré àtìgbàdégbà lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2022. Ìbéèrè tí ó mú mi wá kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá tún ìtàn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn sọ, tí inú àwọn kan dùn, tí inú àwọn mìíràn sì bàjẹ́, ta ni ó jàre?

Inú ilé tèmi ni ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ra kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan fún ọmọbìnrin mi. Willow ni orúkọ fíìmù tí ó wà nínú rẹ̀. Ó wò ó títí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú ẹ̀rọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí bí ọmọ awo ṣe ń mọ ẹsẹ Ifá. Nígbà tí eré orí tẹlifíṣọ̀n jáde, òun àti ọmọ tirẹ̀ jọ jókòó wò ó. Ìyá káwọ́ lérí, ó ní èyí kì í ṣe Willow tí òun mọ̀. Ọmọ ní òun kò rí eré tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì wá ké sí mi pé kí n dá ẹjọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà mo gbọ́ ti ìyá, mo gbọ́ ti ọmọ, mo tún wo eré méjèèjì fúnra mi. Ẹjọ́ yẹn ni mo gbé wá síwájú yín.

2. Fíìmù ti ọdún 1988

George Lucas ni ó ro ìtàn náà, Bob Dolman ni ó kọ ọ́ ní eré, Ron Howard sì ni olùdarí. Ayaba ìkà kan wà tí ń jẹ́ Bavmorda. Àsọtẹ́lẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tí a óò bí pẹ̀lú àmì lára ni yóò gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ayaba kó àwọn aboyún mọ́lé, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí kan gbé ọmọ náà sá, omi sì gbé ọmọ náà dé ìlú àwọn Nelwyn, àwọn èèyàn kúkúrú tí ń dáko. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Mósè yóò ti rí i pé ìtàn náà fara jọ èyí tí a ti gbọ́ rí. Àgbẹ̀ kan tí ń kọ́ idán, Willow Ufgood, ni ó gbé ọmọ náà, Elora Danan, rin ìrìn àjò. Ó bá jagunjagun kan pàdé lọ́nà, Madmartigan, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí idà rẹ̀. Ó bá Sorsha, ọmọ ayaba, pàdé, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó sì bá Fin Raziel, obìnrin alágbára tí a ti fi oògùn sọ di ẹranko.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí fíìmù náà wọ àwọn ọmọdé lára. Èkíní ni idán ojú. Ìgbà tí Raziel ń ti ara ẹranko kan bọ́ sí ti òmíràn kí ó tó padà di èèyàn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yí àwòrán rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí oríkèé. Ó wà lára àwọn fíìmù ńlá àkọ́kọ́ tí ó lo ọgbọ́n yẹn. Èkejì ni ẹni tí ó ṣe Willow. Warwick Davis kò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà. Èèyàn kúkúrú ni. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá ìgbà náà, bí a bá rí èèyàn kúkúrú, ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ kí a fi í rín, tàbí kí wọ́n fi aṣọ iwin bò ó lójú. Nínú Willow, òun ni ọkọ, òun ni bàbá, òun ni akọni.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, àgbà oṣó ìlú na ọwọ́ rẹ̀ síwájú àwọn tí ó fẹ́ di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ìka tí agbára àtiṣàkóso ayé wà nínú rẹ̀. Ìka àgbà náà ni gbogbo wọn ń mú, kò sì sí ẹni tí ó gbà á. Lẹ́yìn náà ni Willow jẹ́wọ́ pé ìka ara òun ni ó kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ìka ara rẹ̀ gan-an sì ni ìdáhùn. Nígbà tí ó wá kojú Bavmorda ní òpin ìtàn, idán ìbílẹ̀ kékeré kan, èyí tí a fi ń mú ẹlẹ́dẹ̀ pòórá lójú agbo, tí ó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún ìlú, ni ó fi tan alágbára náà jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìka yìí dání. N óò padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ní ọdún 1988, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ó yin fíìmù náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alámèyítọ́ ní ó jọ àwọn ìtàn tí Lucas ti sọ ṣáájú jù. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó sọ ọ́ di àyànfẹ́. Ọmọ tí ó wo ìtàn kan ní ìgbà ogún kì í ṣe òǹwòran mọ́. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín.

3. Àtúnsọ ti ọdún 2022

Ní ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Disney ra Lucasfilm, ó sì ra Willow mọ́ ọn. Eré tuntun náà bẹ̀rẹ̀ lórí Disney+ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó sì parí ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìpín 8 ni. Jonathan Kasdan ni aṣáájú àwọn tí ó kọ ọ́, ilẹ̀ Wales ni wọ́n sì ti ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nínú rẹ̀, Sorsha ti jọba ní Tir Asleen. Ó ti bí ìbejì fún Madmartigan: Kit, obìnrin, àti Airk, ọkùnrin. Àwọn abàmì jí Airk gbé, Kit àti àwọn ọ̀dọ́ kan sì gbéra láti wá a lọ. Willow tí ó ti dàgbà ni ó ṣamọ̀nà wọn. Ọmọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ààfin tẹ̀lé wọn. Òun ni ó wá jẹ́ Elora Danan, tí a fi pamọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Warwick Davis padà wá ṣe Willow, Joanne Whalley padà wá ṣe Sorsha, Annabelle, ọmọ Davis, sì ṣe ọmọ Willow. Ṣùgbọ́n Val Kilmer, ẹni tí ó ṣe Madmartigan, kò lè wá nítorí àìlera. Ohùn ọmọ rẹ̀, Jack, ni wọ́n fi dúró fún un ní ibì kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Kilmer dolóògbé, Jean Marsh tí ó ṣe Bavmorda sì tẹ̀lé e láàárín oṣù kan náà. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún.

4. Ohùn àwọn òǹwòran

Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ní ẹ̀sùn tí ó yéni. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ inú eré náà ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro òde òní, tí ìtàn sì jẹ́ ti ìgbà idà àti ẹṣin. Wọ́n ní orin ìlù ariwo òde òní tí ń ké ní ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan dà wọ́n lójú rú. Wọ́n ní Madmartigan kò sí, àlàfo rẹ̀ sì tóbi. Wọ́n ní wọ́n ti sọ Willow di olùtẹ̀lé nínú ìtàn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan sì bínú nítorí pé Kit àti Jade, ọmọbìnrin jagunjagun, fẹ́ràn ara wọn.

Àwọn tí ó gbà á náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀rín àti àwàdà wà nínú ti àtijọ́ pẹ̀lú, Madmartigan kì í sì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bí bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ara wọn rí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá rí ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn alámèyítọ́ yin eré náà ju bí wọ́n ti yin fíìmù ìṣáájú lọ nígbà tirẹ̀. Àwọn òǹwòran ni ó pín sí méjì.

5. Òṣùwọ̀n àlọ́

Òṣùwọ̀n wo ni a óò fi wọn ọ̀rọ̀ yìí? Mo lọ sí ìdí àlọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn baba wa ti yanjú irú ìjà yìí. Ẹni tí ń pàlọ́ kò pa á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká ti gbọ́ bí ìjàpá ṣe ṣe é lánàá àti níjẹta. Apàlọ́ lè yí orúkọ ìlú padà. Ó lè fi ọ̀rọ̀ mọ́tò tàbí ti ọlọ́pàá sí i. Ó lè fà á gùn bí oṣùpá bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣi orin gbé, gbogbo agbo ni yóò pariwo mọ́ ọn, nítorí pé àwọn ni ó ń gbe orin. Apàlọ́ ni ó ni ẹnu. Agbo ni ó ni ègbè.

Nítorí náà, kí a tó dẹ́bi fún àtúnsọ kan, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni orin inú ìtàn náà, kí sì ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀? Ní tèmi, orin inú Willow ni ọ̀rọ̀ ìka tí mo sọ ṣáájú: ẹni kékeré tí ayé fojú di, tí ó ń wá agbára ní ọwọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì wá rí i ní ọwọ́ ara rẹ̀. Bí a bá fi èyí wọn eré tuntun náà, orin kò bàjẹ́. Elora, ìkókó tí gbogbo èèyàn gbé pọ̀n nínú fíìmù, ni ó wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá agbára, Willow sì di àgbà tí ń na ìka. Pé òun náà ṣì ń ṣiyèméjì nípa agbára ara rẹ̀ kò tàbùkù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni ọmọ-ọmọ mi gbọ́, ó sì jàre.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pẹ̀lú jàre. Bí orin kò bá tilẹ̀ yí padà, a lè gbé e ní ìgbà tí kò yẹ. Níbi tí ó yẹ kí ẹ̀rù ba òǹwòran, ẹnì kan a sọ ọ̀rọ̀ àwàdà. Níbi tí ó yẹ kí a dákẹ́ ronú, ìlù a dún. Ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún dúró de ìtàn kan ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé wọ́n kò fún òun láyè láti sunkún. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyẹn, mo sì rò pé ẹjọ́ ti parí.

6. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn

Kò parí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìpín ìkẹyìn, wọ́n yọ eré náà kúrò lórí Disney+ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ eré mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìnáwó ni ó fà á. Warwick Davis fúnra rẹ̀ jáde ní gbangba láti béèrè ohun tí òun yóò sọ fún àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Fíìmù tí ìyá fẹ́ràn ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń gbọ̀n. Èyí tí ọmọ fẹ́ràn kò sí nínú àpótí ẹnikẹ́ni nílé wa. Ìjà tí àwọn méjèèjì ń jà dára, nítorí ìjà lórí ìtàn ni ọ̀nà tí agbo fi ń tọ́jú ìtàn. Ohun tí ń pa ìtàn ni kí a mú un kúrò láàárín àwọn tí ń jà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn eré náà kò lè tún un wò bóyá òun ṣì í gbọ́, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì lè fi í gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí mú ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938, tí ó fi kọ Láńgbòdó fún FESTAC ti ọdún 1977, ìwé náà kò kúrò lórí pẹpẹ. Ẹni tí eré kò tẹ́ lọ́rùn padà sínú ìwé. Ní ọdún 2022 ni Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù Aníkúlápó jáde lórí Netflix, ìtàn ẹyẹ tí ń jí òkú dìde. Ní ọdún 2024 ó tún mú un padà bí eré àtìgbàdégbà. Àtúnsọ ti wọ agbo tiwa náà, inú ilé ìpamọ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa sì ni a ń kó àwọn ìtàn náà sí.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mi ni pé ta ni ó jàre. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó fẹ́ràn àtijọ́ jàre, ẹni tí ó fẹ́ràn tuntun jàre, apàlọ́ pàápàá jàre bí kò bá ti ṣi orin gbé. Ẹni tí kò jàre ni ẹni tí ó tú agbo ká. Mo ń rọ Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀dà àwọn fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n Yorùbá láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe wọ́n, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí a sì tọ́jú wọn síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ogún ọdún sí i yóò ti lè rí wọn, èyí tí a yìn àti èyí tí a bú.

Ní ti ọmọ-ọmọ mi, eré náà dáwọ́ dúró ní ibi tí ó fi hàn pé apá mìíràn ń bọ̀, apá náà kò sì wá. Ó ní kí n sọ ìyókù fún òun. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀, tí ó ti bínú sí eré náà láti ọjọ́ kìíní, ni ó fa àga súnmọ́ ọn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.