Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Ṣubú Ni Wárápá Gbé

 

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọbìnrin kan ṣubú ní ilé kéwú. Ó di ojú pinpin, ó ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnìkan á kígbe wárápá, gbogbo ènìyàn á sì sá fún itọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní àlùjànnú ni, á béèrè ẹgba. Ẹni kẹta á ní ó ń díbọ́n ni, nítorí kò fẹ́ ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn fún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣìnà. Nígbà tí obìnrin tí wárápá ń gbé tọ Ànábì wa wá, àdúà ni ó ṣe fún un kí ara rẹ̀ má baà hàn síta. Kò béèrè ẹgba.

Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n irú ìṣubú kan wà tí ó jọ ọ́, tí ẹ̀rọ EEG kì í sì í rí àmì wárápá nínú ọpọlọ lásìkò tí ara ń gbọ̀n gan-an. Ìbẹ̀rù, ọ̀fọ̀, tàbí ìfipábánilòpọ̀ tí ọmọ kò lè sọ síta a máa wà nídìí rẹ̀ nígbà púpọ̀. Aláìsàn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo tún un sọ: kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ojú a sábà máa dì, a sì máa pẹ́ ju wárápá lọ; àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ti ipa èyí sọ ara rẹ̀ di dókítà, nítorí àwọn kan ní méjèèjì pọ̀.

Oògùn wárápá kì í wo irú kejì yìí. Àlàyé tí ó yé aláìsàn àti ẹbí ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìjíròrò déédéé pẹ̀lú onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn. Iṣẹ́ ẹbí pọ̀ níbẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tí ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé ní abúlé ìtòsí nígbà náà.

Bí ó bá ṣubú, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó sì ti ń lo oògùn, kí ó má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní irú aláìsàn yìí nílé, kí ó dúró dè mí lẹ́yìn ìrun Alààsárì, kí á jọ ṣètò bí yóò ṣe dé UCH, n'Íbàdàn.