Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ààbò Alùpùpù àti Ẹ̀rọ GPS Níbi Tí A Bá Gbé Wọn Sí

Ọ̀rọ̀ tí Olùbẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìdànrè

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù tí ẹgbẹ́ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti rà, pàápàá lórí ẹ̀rọ GPS tí a ń dè mọ́ ọn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tíráká. Ẹlòmíràn lè máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé, kí ni ó kan Olùbẹ̀wò, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ìwé owó wò, nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù? Inú ìwé owó náà gan-an ni mo ti ń bá a pàdé. Alùpùpù tí olè bá gbé lóru, ojú ewé gbèsè ẹgbẹ́ ni yóò ti fara hàn nígbà tí oṣù bá parí.

TA NI YÓÒ SAN GBÈSÈ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦1,200,000 láti ra alùpùpù, tí yóò máa san ₦50,000 lóṣooṣù fún oṣù 24. Ẹ jẹ́ kí a fi èlé sílẹ̀ ná. Ó san án fún oṣù márùn-ún, ó di ₦250,000. Ní oṣù kẹfà, ó gbé alùpùpù sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, ó wọlé lọ já kòkó. Nígbà tí yóò fi jáde, ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀. Gbèsè tí ó kù jẹ́ ₦950,000. Bí òun kò bá lè san án mọ́, onídùúró méjì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún un yóò san ₦475,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò gun alùpùpù náà rí yóò sì máa ta kòkó rẹ̀ san owó rẹ̀.

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wáyé ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, ìdúró fún ara ẹni ni òpó tí ó gbé ẹgbẹ́ wa ró, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rì í mọ́lẹ̀. Bí ìdúró bá di ìfìyàjẹni, ẹnikẹ́ni kò ní dúró fún ẹnìkejì mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àgádágodo àti ọ̀rọ̀ tíráká fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wa.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ni GPS. Ọdún 1978 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run, fún iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1983, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú Kòríà kan ṣìnà wọ ojú ọ̀run Soviet, tí wọ́n sì yìnbọn já a lulẹ̀, Ààrẹ Reagan kéde pé gbogbo ayé yóò lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n yọ àṣìṣe tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú èyí tí aráàlú ń lò kúrò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sátẹ́láìtì ń wo alùpùpù wọn láti òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 sókè, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Àkókò àti ipò ara rẹ̀ ni ó ń kéde. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lára alùpùpù ni ó ń gbọ́ ìkéde yìí láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń ṣírò ibi tí òun wà. Lẹ́yìn náà, ó ń fi síìmù tí ó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín, bí ẹni tí ó kọ létà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé: kí ẹ̀rọ náà rí ojú ọ̀run, kí ó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí ó sì rí iná bátìrì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ ti dànù nìyẹn. Olè tí ó bá gbọ́n mọ èyí. Bí ó bá dé ìdí alùpùpù, tíráká ni yóò kọ́kọ́ wá. Yóò fa wáyà rẹ̀ já, yóò jù ú sínú igbó, tàbí kí ó mú un lọ tà.

Àwa ará Ìdànrè tún ní ìṣòro tiwa. Àwọn baba ńlá wa gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn 682 tí ó lọ síbẹ̀ lónìí mọ̀ pé àpáta wa kì í ṣe kékeré. Àpáta yìí kan náà lè dí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, igbó kòkó sì pọ̀ tí fóònù kò ti lè dún rárá. Bí alùpùpù bá wà ní irú ibẹ̀, ọ̀pọ̀ tíráká yóò kó ìrìn rẹ̀ pa mọ́, wọn yóò sì rán an nígbà tí ó bá padà sí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Kí ìròyìn tó dé, olè lè ti rìn jìnnà. Tíráká ń sọ ibi tí ohun tí a jí gbé lọ ni. Kò lè di olè lọ́wọ́ mú.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ A FI Í SÍ

1. Ẹ má ṣe dè é sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì tàbí inú àpótí irin-iṣẹ́. Ibẹ̀ ni olè ń kọ́kọ́ wò. Abẹ́ ìjókòó, láàárín fóòmù àti ike, tàbí ẹ̀yìn iná iwájú dára jù. Ojú rẹ̀ tí ó ń gba ìkéde kọ ọ̀run. Ike àti fóòmù kì í dí i, irin ni ó ń dí i. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà nítorí ooru, àti sí ibi tí omi ń gbà wọlé.

2. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà fi téèpù dúdú we wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù wáyà alùpùpù, kí ó má baà yàtọ̀. Rẹ́wáyà tí ẹgbẹ́ mọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹni tí ó bá so ó ni ó mọ ibi tí ó wà.

3. Ẹ ra èyí tí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tí yóò sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá já wáyà rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ yìí bá dé, kì í ṣe ìgbà tí a ń parí oúnjẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni kí a dìde.

4. Orúkọ ẹni tí ó ni alùpùpù ni kí síìmù náà máa jẹ́, kí wọ́n sì so ó mọ́ nọ́ńbà NIN rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dátà tán lórí rẹ̀. Síìmù tí kò ní dátà, odi ni.

5. Púpọ̀ nínú àwọn tíráká olówó pọ́ọ́kú ni ó ń bá 123456 wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà síìmù àti ọ̀rọ̀ yẹn lè máa tọ ẹsẹ̀ yín, ó sì lè pa ẹ̀rọ náà.

NÍGBÀ TÍ A BÁ GBÉ ALÙPÙPÙ KALẸ̀

Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ti ọwọ́ alùpùpù pa, kí ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni ẹ fẹ́ lò. Ẹ lo ṣéènì tí ó nípọn pẹ̀lú àgádágodo. Ẹ máa fi ṣéènì náà gba inú férémù, kí ẹ so ó mọ́ igi tàbí òpó tí kò ṣeé fà tu. Bí ó bá jẹ́ táyà nìkan ni ẹ so, olè lè tú táyà sílẹ̀ fún yín, kí ó gbé ìyókù lọ. Ẹ má ṣe fi ṣéènì sílẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí orí ilẹ̀ ni ó rọrùn láti fi òòlù fọ́ ọ.

Ní oko, ẹ má ṣe fi alùpùpù sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì kí ẹ wọ igbó lọ. Ẹ gbé e dé ahéré, tàbí kí ẹ fà á lé ẹni tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ ọjà, ní ibi òkú àti ìgbéyàwó, ẹ kó alùpùpù jọ sí ojú kan, kí ẹ yan ẹnìkan tí yóò jókòó tì wọ́n. Ọ̀dọ́ kan tí a fún ní owó oúnjẹ sàn ju tíráká mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò wò lọ. Ní alẹ́, inú ilé ni ààyè rẹ̀.

GPS TÍ A FI Ń WỌN OKO KÒKÓ

Ẹ̀rọ GPS mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé wọn kò ní gba kòkó tí ó bá wá láti ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ń kó kòkó lọ síbẹ̀ yóò sọ ojú ibi tí oko wà lórí ilẹ̀ ayé. Oko tí ó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, èyí tí ó tó nǹkan bí éékà mẹ́wàá, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọn yóò fẹ́ rí. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníkòkó ti ń béèrè fún ìwọ̀n oko.

Fóònù tàbí GPS ọwọ́ tí a fi ń rìn yí oko ká, orí ọwọ́ alùpùpù ni ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sápò. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pé ẹ ó tètè dé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹnì kan bá jí ẹ̀rọ náà lọ, a lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oko ogún ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ, a ó tún rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ da ìwọ̀n náà kọ sí ibòmíràn, kí akọ̀wé sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

BÍ OLÈ BÁ GBÉ E

Ẹ má ṣe dá lépa olè. Alùpùpù ṣeé rà padà, ẹ̀mí kò ṣeé rà. Ẹ ya àwòrán ohun tí fóònù ń fi hàn, kí ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá, kí ẹ sì fi tó Àmọ̀tẹ́kùn létí, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé alùpùpù, rìsíìtì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáṣíìsì dání. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn èrò fi ọwọ́ ara wọn dá ẹjọ́ fún ẹni tí a bá bá lórí alùpùpù náà, nítorí ó lè jẹ́ pé òun náà rà á ni, kò mọ ìdí rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN YÓÒ FI ÌPÀDÉ PINNU

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò lé lórí, kí wọ́n sì kọ ìpinnu wọn sínú ìwé ìpàdé.

Èkíní, kí owó tíráká àti owó ṣéènì wà nínú owó tí a ń yá ọmọ ẹgbẹ́, kí a má sì fi alùpùpù lé e lọ́wọ́ kí a tó rí méjèèjì.

Èkejì, kí akọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ti ṣáṣíìsì àti ti síìmù sí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí a ń san owó, kí a dán tíráká kọ̀ọ̀kan wò.

Ẹ̀kẹta, kí a fẹnu kò lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wo ibi tí alùpùpù wà. Ohun tí mo rò ni pé olówó alùpùpù nìkan ni kí ó máa wò ó. Kí ẹgbẹ́ wò ó kìkì nígbà tí wọ́n bá jí i, tàbí nígbà tí gbèsè bá ti lé oṣù tí òfin ẹgbẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún, kí wọ́n sì sọ fún un. A yá ènìyàn lówó, a kò ra ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ń wo ilé tí ọmọ ẹgbẹ́ sùn sí yóò tú ẹgbẹ́ ká ju olè lọ.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ adójútòfò. Ìwé adójútòfò tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí a ń gbà kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró, ẹlòmíràn tí a bá ṣe léṣe ni ó wà fún, kì í san owó alùpùpù tí a jí. Èyí tí ó kó gbogbo ewu pọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́n jù ú lọ. Bí agbára ẹnìkan kò bá ká a, ẹgbẹ́ lè bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ fún gbogbo alùpùpù lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí àwọn tí ó yáwó máa dá ₦1,000 lóṣooṣù sínú àpò kan. Ènìyàn 30 yóò dá ₦360,000 lọ́dún. Kò tó ra alùpùpù tuntun, ṣùgbọ́n yóò gba ẹrù lórí onídùúró méjì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kí ọjọ́ kan náà má baà pẹ́ kí ó tó dé, ẹ lọ wo abẹ́ ìjókòó alùpùpù yín kí ẹ tó kúrò níbí lónìí, kí ẹ sì fi fóònù yín pe tíráká náà. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe rẹ́wáyà.

 Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè.